Ọdún Tí Ọ̀sà Wọ Kànga Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí oòrùn tó mú, ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wa ní Attécoubé pòṣé. Èmi kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà ṣàpèjúwe ìró náà. Ọmọ-ọmọ mi, Ṣakírátù, yí róbínẹ̀ láti fọ ife. Omi kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ bí okùn tín-ín-rín, ó di ẹ̀kán, ẹ̀kán náà sì dá. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ gba inú irin jáde, bí àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ní tànmọ́-ọ̀n.

"Màmá àgbà, wọ́n tún ti kúpé omi," ni ó wí, bí àwọn ọmọ ìwòyí níbí ti ń fi Faransé sọ pé wọ́n gé e, ó sì padà sí ìdí fóònù rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Lójú tirẹ̀, omi tí kò wá kò yàtọ̀ sí bọ́ọ̀sì tí kò tètè dé: ènìyàn a bínú díẹ̀, a sì dúró dè é.

Èmi kò lè dúró dè é. Mo ti dé ìdí àgbá omi ẹ̀yìnkùlé wa kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde lórí àga. Mo ṣí ọmọrí rẹ̀, mo ki apá bọ inú rẹ̀ títí ìka mi fi kan omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan lábẹ́ ètè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Kò sí ohun tí a lè kà nínú àgbá. Kókó ara okùn ni mo ń kà, okùn kan tó ti jẹrà tipẹ́tipẹ́, èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín sí ìwà mi yìí. Nítorí náà ni mo ṣe rò ó pé ó yẹ kí n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín létòlétò, gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ wa ti kọ́ wa láti máa ro ẹjọ́.

Agboolé wa wà ní Treichville, àdúgbò mìíràn nínú ìlú yìí kan náà, ní apá ibi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà gẹ̀rẹ́ lọ sí etí ọ̀sà. Nígbà náà, ilé tó ní ẹ̀rọ omi kò ju ilé àwọn òyìnbó àti ti àwọn tó ń bá wọn jókòó lọ. Ìdílé mẹ́fà ni wá nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wa ti wá, àfi ìyàwó kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, tí àwọn yòókù kò sì jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bàbá mi, tó ń ta abọ́ tánńganran ní ọjà, ni olórí ọgbà. Anàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pe gbogbo wa, a sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni ń jẹ́ oyè.

Kànga wà láàárín ọgbà náà. Símẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ẹnu rẹ̀ yíká, okùn ìfami sì ti gé etí símẹ́ǹtì náà págunpàgun bí eyín ọmọ ọlọ́dún méje. Bàbá mi ti ta kókó sára okùn yìí ní ìwọ̀n apá kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú wa, kí a lè máa mọ ibi tí omi wà. Iṣẹ́ tèmi ni láti fa korobá àkọ́kọ́ láràárọ̀, kí n sì jẹ́ kí Bàbá mọ iye kókó tó wọ inú kànga kí korobá tó kan omi.

"Ẹ̀ta ni, Bàbá."

"A dúpẹ́."

Bí a ti ń kí ara wa nìyẹn. Bí mo bá kúnlẹ̀ tí n kò sì mú iye kókó wá, mo rò pé Bàbá kì bá tí mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Lẹ́yìn ògiri wa, ní etí ọ̀sà gan-an, ni ọ̀rẹ́ mi ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ tó ń yan ẹja tà. Aya ni orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn. Àwọn ìyá ilé wa kì í jẹ́ kí ó kọjá láì bi í pé, "Aya ta ni ọ́?" Òun náà kò sì ní ṣàìdáhùn pé, "Aya ẹni tó bá ra ẹja mi tán lónìí." Yorùbá ló fi ń sọ ọ́, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, nítorí inú ọgbà wa ló ti kọ́ ọ. Láàárọ̀ àti lálẹ́ ni ó ń wá fa omi níbi kànga wa. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀, bí a kì í ti í béèrè ìdí tí adìẹ aládùúgbò fi ń gba ọgbà ẹni kọjá.

Ọ̀dá kì í wọlé bí olè, ẹ̀yin ọmọ. Bí àlejò tó mọ ilé ni í ṣe é wọlé. Ẹ ó ti máa bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ṣàkíyèsí pé ó gbé ẹrù dání. Òjò ńlá ọdún náà rọ̀, ṣùgbọ́n ó tètè lọ, inú àwa ọmọdé sì dùn nítorí pé ilẹ̀ eré wa kò ṣe ẹrẹ̀. Òjò kékeré tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò wá rárá. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ṣe ni ó tẹ́ ẹní. Mo sọ pé, "Ẹ̀rin ni, Bàbá," ó dáhùn pé a dúpẹ́. Mo sọ pé, "Àrún ni," ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Nígbà tí mo sọ pé ẹ̀fà ni, ó dìde lọ yọjú wo inú kànga fúnra rẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà. Oyin wá ń kóra jọ sí etí ìkòkò omi, wọn kò sì bẹ̀rù ọwọ́ wa mọ́. Alángbá wọ yàrá, ó dúró lẹ́bàá kẹ́tùrù àlùwàlá Bàbá mi, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń dìde. Ní ìrọ̀lẹ́, èéfín oko kòkó tó ń jó ní ọ̀nà jíjìn rére máa ń sọ ojú ọ̀run di pupa, eérú a sì máa balẹ̀ sórí aṣọ tí a sá. Olùkọ́ wa nílé ìwé, ẹni tó máa ń yẹ ọrùn àti etí wa wò láràárọ̀ bí ẹni tó sọ wúrà nù síbẹ̀, dẹ́kun àyẹ̀wò yìí láìsọ nǹkan kan. Ẹ lè máa rò pé inú mi dùn. Rárá o. Ọjọ́ náà ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí dé inú egungun, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó lè mú obìnrin yẹn gbà kí ọrùn ọmọ dọ̀tí, ohun náà kò kéré.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwọn ọkùnrin jáde lọ sí pápá láti lọ tọrọ òjò. Èmi àti Aya gun orí ògiri láti wò wọ́n. Níbẹ̀ ni mo ti rí Bàbá mi, ẹni tí kì í jáde bí ọrùn aṣọ rẹ̀ kò bá gún, tó yí agbádá rẹ̀ padà níta gbangba, tó gbé inú rẹ̀ síta, tí gbogbo ojú rírán àti òwú jájàjá rẹ̀ hàn sí ayé. Gbogbo wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà àdúrà náà ni, pé kí Ọlọ́run yí ipò àwọn padà bí àwọn ti yí aṣọ padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọdé? Aya di ọwọ́ mi mú. "Kí ló ṣe wọ́n?" ni ó bi mí. N kò mọ̀. Òjò kò rọ̀.

Ní kókó kẹjọ, okùn wa tán, wọ́n sì so òmíràn mọ́ ọn. Korobá wá ń balẹ̀ gbì, bí ìgbà tí ènìyàn fi orí gbá ògiri nínú òkùnkùn, ẹrẹ̀ ni ó sì ń gbé bọ̀. Bàbá mi ní kí alágbẹ̀dẹ ṣe ìdérí irin sẹ́nu kànga, ó sì fi àgádágodo sí i. Korobá kan fún ìdílé kan lóòjọ́, kò sì gbọdọ̀ sí fún ará ìta. Lẹ́yìn náà ni ó pè mí.

"Ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìwọ ni kí o sọ fún un."

Mo sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá rọra sọ ọ́ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìtìjú mú kì í mọ bí a ti ń rọra sọ nǹkan. Aya dúró pẹ̀lú korobá rẹ̀ lórí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Mo ní, "Kì í ṣe kànga yín. Ẹ lọ gbẹ́ tiyín." Ó sọ korobá náà kalẹ̀ láti orí, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyá àgbà rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa. A rò pé ẹ̀bẹ̀ ni ó bá wá, ṣùgbọ́n kò mú korobá lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ pé Bàbá mi ti ránṣẹ́ pe Bàbá Rájí, agbẹ́kànga ọmọ ìlú wa, pé kó wá gbẹ́ kànga náà jìn sí i. Èdè tirẹ̀ ni ó sọ, Aya sì ń túmọ̀ rẹ̀ láìwo ojú mi.

"Ìyá àgbà ní kí ẹ má gbẹ́ ẹ jìn. Ó ní bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́, kí ẹ wá ibòmíràn, kí ẹ gbẹ́ ẹ kó fẹ̀, kó má jìn. Ó ní omi òjò fúyẹ́, orí omi iyọ̀ ló sùn sí lábẹ́ ilẹ̀ yìí, bí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọ̀dá ti mú kí ọmọ náà rù. Ó ní kí ẹ má jí ìyá."

Bàbá mi tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ọmọlúàbí ni. Ó ní, "Bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé ilẹ̀ ọ̀dá ni wọ́n ti bí wa. Bí omi bá sá, à ń lé e ni. A mọ̀ ọ́n lójú."

Òótọ́ sì ni ó sọ, bí ó bá jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni a wà. Ní ìlú wa, ẹni tó bá gbẹ́ kànga dé orí àpáta yóò bá omi níbẹ̀, tútù nini. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ kò ní àléébù. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé e wá ni kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá Rájí fi gbẹ́ ẹ. Ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá bí ohùn ẹni tí a ti sin. N kò lè jẹun níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ilẹ̀. Mo kàn ń wo okùn tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ké pé kí wọ́n fa òun, wọ́n sì fà á jáde pẹ̀lú sòkòtò tó tutù dé ìbàdí. Omi ti dé. Ó ń ga sókè lẹ́yìn rẹ̀ bí ohun tó ń lé e bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fa korobá, mo sì sáré lọ kúnlẹ̀.

"Àrún ni, Bàbá."

"A dúpẹ́."

Gbogbo ọgbà tọ́ ọ wò. Gbogbo ọgbà tu ú sílẹ̀. Bàbá Rájí nìkan ló sọ̀rọ̀: "Ilẹ̀ tuntun ni. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ mẹ́ta, yóò mọ́."

Ó di ọjọ́ mẹ́ta, kò mọ́. Ìyàwó ọmọ Ọ̀yọ́ tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti gbẹ́ kànga tó ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ fúnra rẹ̀." Bí a bá ti ń mu omi náà tó ni òùngbẹ ń gbẹ wá tó. Ọ̀sà ti wọ kànga wa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń dúró kí ó mọ́.

Àbúrò mi, Músílíù, jẹ́ ọmọ oṣù méje. Ọmú ìyá mi ti ń gbẹ, omi kànga náà ni ó sì fi ń po ẹ̀kọ fún un, nítorí kò sí òmíràn. Ó ń bì í, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Ní ọjọ́ karùn-ún, Bàbá mi ti jáde láti ìdájí pẹ̀lú agolo lórí, ó ń wá omi kiri ìlú. Ní ọ̀sán, ìyá mi pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Àwùjẹ̀ Músílíù ti jìn wọlé bí ìgbà tí ènìyàn fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀. Ó ń sunkún, ẹnu rẹ̀ là, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ. Ìyá mi fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Kò sí omijé," ni ó wí.

Títí di ọjọ́ náà, ìta ni mo rò pé ọ̀dá wà. Mo rò pé ojú ọ̀run ni, tàbí oko, tàbí ìsàlẹ̀ kànga. Mo rí i báyìí pé ó ti rìn gba gbogbo ibẹ̀ kọjá, ó ti wọ inú àbúrò mi.

Mo gbé abọ́ tánńganran funfun kan, mo sì gba ẹ̀yìn ògiri lọ. N kò sọ ibi tí mo ń lọ. Kì í ṣe ikú nìkan ni mo ń bẹ̀rù, mo ń bẹ̀rù ojú Aya pẹ̀lú.

Ó jókòó sínú iyanrìn lẹ́bàá ihò kan. Ihò náà fẹ̀ tó ẹní, kò sì jìn ju orúnkún ọmọdé lọ. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣíji bò ó. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi mímọ́ gaara dùbúlẹ̀, kò jìn ju ìka kan lọ. Ọ̀sà ń kùn ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ bíi ogójì sí i. Aya gbójú sókè.

"Ṣé ẹ ti gbẹ́ tiyín tán?"

Mo ní, "Músílíù kò ní omijé mọ́."

Ó dìde, ó sì pe ìyá àgbà rẹ̀. Obìnrin náà gba abọ́ lọ́wọ́ mi láìbéèrè ohunkóhun. Èèpo àgbọn ló fi ń bu omi náà, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí i lójú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń gbé aṣọ kúrò lára ọmọ tó sùn. Ó pẹ́ púpọ̀. Nígbà tí abọ́ náà kún, ó kọ́kọ́ fi ahọ́n kan an fúnra rẹ̀, ó sì gbé e sí mi lẹ́nu kí èmi náà tọ́ ọ wò.

"Ó dùn," ni mo wí.

Ó sọ̀rọ̀, Aya sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní síbí kan, kí o mí lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí o tó fún un ní síbí kejì. Ó ní bí omi yìí bá tán, kí o padà wá."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rin ìrìn-àjò púpọ̀ láyé, mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà. N kò tíì rin èyí tó gùn tó ti ẹ̀yìn ògiri yẹn dé yàrá ìyá mi, pẹ̀lú abọ́ tó kún dé etí. Ìyá mi gbé Músílíù lé itan. Síbí kan, èémí mẹ́wàá. Síbí kan, èémí mẹ́wàá. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo padà lọ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń pe ìrun alásàárì, Músílíù ké, ohùn rẹ̀ sì jáde, ẹ̀kán kan ṣoṣo sì yọ ní ìkángun ojú ọ̀tún rẹ̀. Ìyá mi kò nù ún. Ó fi í sílẹ̀ kó máa ṣàn.

Bàbá mi dé pẹ̀lú ìdajì agolo. Ó wo ọmọ, ó wo abọ́, ó tọ́ omi náà wò. "Níbo?" ni ó bi mí, mo sì fi ọwọ́ júwe ògiri. Ó jáde lọ ṣí àgádágodo ẹnu kànga wa, nítorí kò sí olè kan láyé tí yóò wá jí omi iyọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ agbádá rẹ̀, ojú rẹ̀ síta lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ bá ìyá àgbà Aya, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn níwájú rẹ̀. Obìnrin náà kò rí irú rẹ̀ rí. Ó rò pé òùngbẹ ló gbé ọkùnrin náà ṣubú, ó sì pariwo pé kí Aya bu omi wá kíá. Báyìí ni Bàbá mi ṣe mu omi náà ní ìdọ̀bálẹ̀, níṣojú gbogbo wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òun àti àwọn ọkùnrin ọgbà mú ọkọ́, wọ́n sì gbẹ́ ihò mẹ́rin bí ìyá náà ti júwe, fífẹ̀ láìjìn. Omi ihò wọ̀nyẹn ni ìdílé méje, àwa mẹ́fà àti ilé Aya, mu títí òjò fi padà.

Kànga wa kò dùn mọ́ láéláé. Wọ́n dí i nígbẹ̀yìn. Nígbà tí iṣẹ́ èbúté gbòòrò, wọ́n kó àwọn tó wà ní etí ọ̀sà lọ sí òdìkejì omi, Aya sì wà lára wọn. A ti jọ ṣeré fún ọdún méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, a sì rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ìtìjú máa ń tán fúnra rẹ̀ bí ọṣẹ. N kò rí i mọ́.

Músílíù ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó ń gbé ní Cocody pẹ̀lú ikùn tó máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, rọ́bà omi ni ó sì fi ń fọ mọ́tò rẹ̀. Bí mo bá bá a wí, a ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀, omi pọ̀." Ó tọ́ kí òun sọ bẹ́ẹ̀, òun kò rántí. Ẹ̀rọ omi ti dé òkè àti ìsàlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti lé àwọn ènìyàn wá sí ìlú yìí, ilé ti gun ara wọn lórí dé góńgó òkè Attécoubé, gbogbo wa sì ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀ kan náà. Ẹ̀rọ alágbára ni wọ́n fi ń lé e lọ sísàlẹ̀ báyìí. Omi iyọ̀ kò kúrò níbi tó sùn sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí róbínẹ̀ wa pòṣé, ọmọ aládùúgbò mẹ́ta wá sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tí a ń pè ní bídọ̀n lọ́wọ́. Ṣakírátù wo àgbá, ó wo ojú mi.

"Màmá àgbà, tó bá wá tán ńkọ́?"

"Ẹ̀rù ń bà mí jù ọ́ lọ," ni mo wí. "Bu fún wọn."

Omi padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó wúkọ́ nínú irin, ó pọ́n bí ìpẹtà, lẹ́yìn náà ni ó mọ́. Ṣakírátù ti sún ife sí i, ó fẹ́ mu. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ahọ́n kan omi náà, mo sì dúró títí ó fi dá mi lójú.

"Ó dùn," ni mo wí fún un. "Ó yá, mu."